Ọgọ́ta ẹsẹ̀ rélùwéè kékeré ní Òkè-Àdó

Ọyẹ́ ṣì mú gan-an nígbà tí màmá àgbàlagbà kan wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Mọ́kọ́lá. Rédíò, ínvátà àti fáànù orí tábìlì ni iṣẹ́ mi. Wọ́n tú ìwé ìròyìn tí wọ́n fi wé ẹrù ọwọ́ wọn, mo sì rí ẹ́ńjìnnì rélùwéè kan, aláwọ̀ ewé, tí kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Mo kọ́kọ́ rò pé nǹkan ìṣeré ọmọdé ni. Màmá ní, "Injinía, ti Bàbá ilé wa ni o. Á rìn díẹ̀, á dúró. Tí wọ́n bá fi ìka tì í, á tún rìn. Ó ti ń lọ sí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí, oúnjẹ alẹ́ gan-an, wọn kì í jẹ ẹ́ tán mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tú u wò."

Mo fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bó ṣe lọ, torí pé ẹ̀ẹ̀mejì ni mo wá àìsàn yìí sí ibi tí kò sí kí n tó rí i. Láti ìgbà náà, mo ti rí irú rélùwéè yìí nínú páálí ní ilé mélòó kan n'Íbàdàn, níbi tí ẹnìkan nínú ẹbí ti lọ sí ìlú òyìnbó tó sì gbé e bọ̀. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń sọ: "Ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ti kú." Èyí tó kú lóòótọ́ nínú àwọn tí mo tú, ẹyọ kan ni.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo tú ti Bàbá. Mọ́tò kékeré kan ló wà níkùn rẹ̀, irú èyí tí iná DC fólítì 12 ń yí. Mo wo kábọ̀n méjèèjì tó ń gbé iná wọ inú mọ́tò, wọ́n ṣì ga. Mo fi òwú nu ibi tí kábọ̀n ti ń fara kan mọ́tò, mo kán òróró ẹyọ kan péré sí etí ọ̀pá rẹ̀, mo so ó mọ́ iná lórí tábìlì. Ó ń yí wọ́ọ́rọ́wọ́, kò dún, kò gbóná. Iná tó ń jẹ kò tó ìdajì áńpù. Lójú tèmi, iṣẹ́ ti parí. Mo gba owó táṣẹ́rẹ́, mo dá a padà. Ní ọjọ́ kẹta, fóònù mi dún, Bàbá fúnra wọn ni.

"Ìwọ ọmọ yìí, ohun tó o ló o tún ṣe yẹn, a ò rí i níbí o. Wá fojú ara rẹ rí i."

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ni, ní Òkè-Àdó. Yàrá ìsàlẹ̀ ni Bàbá yà sọ́tọ̀ fún rélùwéè wọn, fèrèsé rẹ̀ sì kọjú sí ibi tí wọ́n máa ń gbé jẹnẹrétọ̀ sí. Mo rí jẹnẹrétọ̀ náà bí mo ṣe ń wọlé, n kò kà á sí. Nínú yàrá, wọ́n tẹ́ odindi páálí plywood kan, ẹsẹ̀ bàtà 8 ní 4, sórí tábìlì méjì. Wọ́n kan ojú irin mọ́ ọn, ó lọ yípo bí ẹyin adìyẹ. Bàbá ti fi páálí gé ilé ìdúró rélùwéè Dùgbẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n kùn ún, wọ́n tiẹ̀ gé àwọn obìnrin tó ń gbé igbá ẹrù sí iwájú rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì 1, kóòṣì èrò 4, wágọ̀nù ẹrù 7. Nígbà tí ilé iṣẹ́ rán wọn lọ kọ́ṣẹ́ ní England ni wọ́n ra díẹ̀ níbẹ̀, ọmọ wọn tó wà lókè òkun fi ìyókù ránṣẹ́.

Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí Bàbá fi ṣiṣẹ́ rélùwéè. Iṣẹ́ wọn nígbà èwe ni kí wọ́n máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ tó bá ti dúró, kí wọ́n máa fi òòlù ọlọ́wọ́ gígùn kan ẹsẹ̀ kóòṣì lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì tẹ́tí. Ẹsẹ̀ tó dá ṣáká á dún bí agogo. Èyí tó ti sán á dún pòkò, bí ìkòkò tó ti là. Òòlù náà ṣì wà, ó fara ti ògiri lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, Bàbá ní kí n jókòó, wọ́n kọ́kọ́ sọ ìtàn ojú irin fún mi. Ọdún 1901 ni rélùwéè láti Èkó wọ Ìbàdàn, èyí tó gba Dùgbẹ̀. Ìbú irin rẹ̀, láti apá kan dé ìkejì, jẹ́ mìlímítà 1067. Èyí tí wọ́n ṣí ní 2021, tó ń gúnlẹ̀ sí Mọ́níyà, fẹ̀ jù ú lọ: mìlímítà 1435. Èyí tó wà lórí pákó Bàbá jẹ́ mìlímítà 16.5, wọ́n sì dín ara ọkọ̀ náà kù sí ìdá kan nínú 76. Ẹni tó bá fi 76 sọ 16.5 di púpọ̀ á rí i pé ó ń lọ sí 1,250, kò bá ti Dùgbẹ̀ mu, kò sì bá ti Mọ́níyà mu. Ìdí rẹ̀ ni pé nígbà tí àwọn ará England bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é, mọ́tò ìgbà yẹn tóbi ju ikùn ẹ́ńjìnnì lọ, ni wọ́n bá kọ́ ara ọkọ̀ tó tóbi díẹ̀ sórí irin tó ti wà nílẹ̀. Ó máa ń dun Bàbá pé irin náà tín-ínrín ju bó ṣe yẹ lọ fún ara ọkọ̀ tó wà lórí rẹ̀. Mo rí i lójú wọn bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́.

Ẹni tí kò bá mọ irú rélùwéè yìí, kó mọ̀ pé kò sí bátìrì nínú rẹ̀. Irin méjì tó ń rìn lórí wọn ni wáyà rẹ̀. Àpótí ìdarí kan wà létí pákó tó ń sọ iná NEPA di DC, láti òdo títí dé fólítì 12, bí èèyàn bá ṣe yí i sí. Irin apá kan gba pọ́sítíìfù, irin apá kejì gba négétíìfù. Ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì á bu iná lára irin, ahọ́n bàbà tín-ínrín kan tó ń fara ra ẹ̀yìn ẹsẹ̀ náà á gbé e lọ fún mọ́tò. Ẹsẹ̀ 6 ni ẹ́ńjìnnì Bàbá ní, ṣùgbọ́n wọ́n fi róbà wé 2 nínú wọn kó lè di irin mú nígbà tó bá ń fa ẹrù, róbà kì í sì í gbé iná. Ẹsẹ̀ 4 péré ló kù tó ń jẹun fún un, 2 lọ́tùn-ún, 2 lósì. Ibi tí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ti fara kan irin kò tóbi ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Bí ìdọ̀tí tó fẹ́lẹ́ bí awọ àlùbọ́sà bá dá sí àárín wọn, ọkọ̀ dúró nìyẹn.

Bàbá yí àpótí ìdarí. Ọkọ̀ náà gbéra, ó fa kóòṣì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó rìn yípo méjì, iná inú kóòṣì iwájú ń ṣẹ́jú. Ní igun tó kọjá Dùgbẹ̀, ó dúró. Bàbá fi ìka tì í. Ó rìn. Ó tún dúró. Mo gbé mítà mi jáde: fólítì tó wà lórí irin kò dín. Mo fi ìka ra orí irin, ìka mi dúdú bí ẹni fọwọ́ nu ìdí ìkòkò.

Mo ní, "Bàbá, irin ló dọ̀tí."

Wọ́n ní ọmọ-ọmọ wọn ti fi sáńpépà fọ̀ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Mo tẹ̀ba wò ó dáadáa, mo rí ojú sáńpépà lórí irin lóòótọ́, ìlà kéékèèké bí ilà ojú, ìdọ̀tí sì ti kún inú wọn. Ohun tí mo bẹ gbogbo ẹni tó bá ní irú ọkọ̀ yìí ni pé kí wọ́n má fi sáńpépà kàn án. Ojú irin tó ń dán kì í di ìdọ̀tí mú, èyí tí wọ́n bá ti ha ni ìdọ̀tí ń rí ibi sá pamọ́ sí. "Nickel silver" ni òyìnbó ń pe irin náà, ṣùgbọ́n kò sí fàdákà kankan nínú rẹ̀. Bàbà, níkẹ́ẹ̀lì àti síńkì ni wọ́n yọ́ pọ̀. Kì í dógùn-ún bí irin lásán, nítorí náà kò sídìí fún híha rárá.

Mo ní sípírítì nínú àpò mi, irú tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù oògùn, mo máa ń fi nu bọ́ọ̀dù rédíò. Mo rin síńgílẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kan, mo nu irin náà yípo. Síńgílẹ́ẹ̀tì di dúdú. Mo yí i sí ibi funfun, mo tún nù ún, títí kò fi yọ dúdú mọ́. Ọkọ̀ náà sáré! Ó fa kóòṣì mẹ́rin àti wágọ̀nù méje yí pákó ká, kò dúró rárá. Bàbá pàtẹ́wọ́, Màmá gbé ògì àti àkàrà wá, mo jẹ, mo lọ sílé pẹ̀lú ayọ̀.

Ọjọ́ kejì tó tẹ̀lé e, wọ́n tún pè mí.

Ìtìjú ni mo kọ́kọ́ ní. Ibi tí a fojú sí, ọ̀nà ò gbabẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ni mo kọ́kọ́ fojú sí, irin ni mo tún fojú sí, ìdọ̀tí sì ti padà sórí irin ní ìwọ̀n wákàtí mẹ́ta tí Bàbá fi wa ọkọ̀ náà. Mo béèrè bóyá ẹnìkan fọwọ́ elépo kàn án. Rárá. Mo béèrè bóyá wọ́n ṣí fèrèsé. Wọ́n ní wọ́n máa ń ṣí i.

Bàbá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n mú kóòṣì kan, wọ́n dojú rẹ̀ dé, wọ́n fi èékánná kan ẹsẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ní, "O ti yẹ ẹ́ńjìnnì wò, o ti yẹ irin wò. Lójú iṣẹ́ tiwa, ẹsẹ̀ la kọ́kọ́ ń béèrè."

Mo gba kóòṣì náà lọ́wọ́ wọn, mo gbé e sábẹ́ iná fóònù. Mo rí òrùka dúdú kan tó yí ẹsẹ̀ ká, ó ga sókè ju ike ẹsẹ̀ fúnra rẹ̀ lọ, kò sì dọ́gba: ó nípọn lápá kan, ó fẹ́lẹ́ lápá kejì, ó ń dán bí ọ̀dà kóótà tí oòrùn yọ́ tó sì tún gan. Gbogbo ìgbà tí mo ti wo kóòṣì wọ̀nyẹn, mo rò pé àwọ̀ dúdú tí wọ́n kùn ún ní ilé iṣẹ́ ni.

Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ ṣìnà nígbà kẹta, nítorí náà mo ní kí a dán an wò kí n tó sọ ohunkóhun. Mo nu irin mọ́ títí síńgílẹ́ẹ̀tì fi funfun. A gbé ẹ́ńjìnnì nìkan sórí rẹ̀, ó rìn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kò dúró lẹ́ẹ̀kan. Mo fi ibi funfun nínú aṣọ ra irin: ó yọ eérú díẹ̀, tó dà bí lẹ́ẹ̀dì pẹ́ńsù. Ìyẹn kò yà mí lẹ́nu. Iná kéékèèké máa ń ṣẹ́ láàárín ẹsẹ̀ àti irin bí ọkọ̀ bá ń rìn, wọ́n kéré tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé òkùnkùn nìkan la ti ń rí wọn, ibi tí iná yẹn bá sì ti ṣẹ́ máa ń jóná díẹ̀díẹ̀ di dúdú. Ìdọ̀tí tirẹ̀ nìyẹn, kò pọ̀.

Lẹ́yìn náà, mo pa iná pátápátá. Mo yọ wáyà kúrò. Mo tún irin nù. Bàbá gbé kóòṣì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí rẹ̀ láìsí ẹ́ńjìnnì, wọ́n sì ń fi ọwọ́ tì wọ́n yípo, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, pẹ̀lú sùúrù, bí ẹni ń ti ọmọ nínú kẹ̀kẹ́. Mo fi aṣọ ra irin lẹ́ẹ̀kan péré. Ìlà dúdú méjì hàn lórí síńgílẹ́ẹ̀tì, wọ́n nípọn, wọ́n ń dán bí epo.

Wágọ̀nù méjì wà láàárín àwọn méje tí ẹsẹ̀ wọn jẹ́ irin, ìyókù jẹ́ ike bíi ti kóòṣì. A tún irin nù, a ti àwọn méjì yẹn yípo ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá bákan náà. Aṣọ kò yọ nǹkan tó ṣe é sọ.

Mo jókòó, mo ṣírò rẹ̀. Kóòṣì kọ̀ọ̀kan ní ẹsẹ̀ 8, wágọ̀nù kọ̀ọ̀kan ní 4. Ìyẹn jẹ́ 32 àti 28, àpapọ̀ 60, ike sì ni 52 nínú wọn. Mo wọn irin Bàbá yípo, ó jẹ́ mítà 5.4. Ẹsẹ̀ kóòṣì fẹ̀ tó mìlímítà 14 láti etí dé etí, nítorí náà bó bá yí lẹ́ẹ̀kan, mìlímítà 44 ló ti rìn. Kí ó tó yí pákó ká lẹ́ẹ̀kan péré, á ti yí ju ìgbà 120 lọ. Ìgbà 120 ló ń tẹ ìdọ̀tí ara rẹ̀ mọ́ irin nínú yípo kan ṣoṣo, 51 mìíràn sì ń ṣe bákan náà. Èmi tí mo nu irin nìkan, mo ṣe bí ẹni gbálẹ̀ pálọ̀ tó wá ní kí àwọn ọmọ tó ti inú ẹrẹ̀ bọ̀ máa wọlé. Ẹ́ńjìnnì tó ń dúró ni gbogbo wa ń rí, àwọn tó ń tẹ ẹrẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ìbéèrè tó kù ni ibi tí ẹrẹ̀ náà ti wá. Mo fi igi ìtayín ha òrùka dúdú lára ẹsẹ̀ kan sórí ìwé funfun. Bí mo ṣe yí ẹsẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni òrùka náà ń ṣí kúrò lódindi, ó ń ká bí èèpo ọsàn tí ọ̀bẹ ń gé. Mo fi igi ìtayín tẹ̀ ẹ́ sí méjì. Òwú kápẹ́ẹ̀tì pupa kan wà nínú rẹ̀, ó yí po bí ẹni rán an mọ́ ọn. Eruku ọyẹ́ wà nínú rẹ̀, a mọ̀ ọ́n nípa bó ṣe ń há ìka. Ohun tó lẹ gbogbo rẹ̀ pọ̀ jẹ́ òróró, mo gbọ́ òórùn rẹ̀.

Mo bi Bàbá pé òróró wo ni wọ́n ń lò. Màmá ló dáhùn: "Òróró ẹ̀rọ ìránṣọ mi ni. Gbogbo Sátidé ni wọ́n ń gbà á." Bàbá ṣàlàyé pé ní Dùgbẹ̀, kóòṣì tí òróró bá tán nínú àpótí etí ọ̀pá rẹ̀ máa ń gbóná títí á fi fẹ́ gbiná, nítorí náà wọn kì í fi ti òróró ṣeré. Ìtọ́jú tí wọ́n mọ̀ láti kékeré ni wọ́n ń tọ́jú ọkọ̀ wọ̀nyí. Mo sọ fún wọn pé ọ̀pá ọkọ̀ kékeré yìí ní ẹnu ṣóńṣó tó bọ inú ihò ike, kò wúwo, kì í gbóná. Ẹni tó bá tiẹ̀ fẹ́ fún un ní òróró, èyí tó lẹ̀ mọ́ ẹnu abẹ́rẹ́ ti tó, inú ihò yẹn nìkan sì ni. Ti Sátidé ń ṣàn wá sórí ẹsẹ̀. Èéfín jẹnẹrétọ̀ sì ń gba fèrèsé wọlé, ó ń bà lé òróró, eruku ọyẹ́ ń bà lé e, òwú kápẹ́ẹ̀tì ń bà lé e nígbàkigbà tí wọ́n bá gbé kóòṣì sílẹ̀. Ẹsẹ̀ wá ń lọ̀ ọ́ pọ̀ bí ọlọ ṣe ń lọ ata.

Mo gbìyànjú sípírítì lórí òrùka yẹn lákọ̀ọ́kọ́, ó rọ̀ díẹ̀, kò tú. Ìdí nìyẹn tí sípírítì fi tàn mí lórí irin pẹ̀lú. Sípírítì kì í fi bẹ́ẹ̀ bá òróró mulẹ̀. Epo ló ń tú epo, kẹrosíìnì sì ni epo tó rọrùn jù láti rí. Àwọn onírélùwéè kékeré lókè òkun náà ti ń jiyàn lórí èyí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti fi sípírítì sílẹ̀ fún irú nǹkan tó sún mọ́ kẹrosíìnì, wọ́n ní orí irin máa ń pẹ́ mọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lójú tèmi, wọ́n gba ọ̀rọ̀ sọ. Ṣùgbọ́n kẹrosíìnì ń fi ọ̀rá sílẹ̀, nítorí náà ẹni tí kò bá ní sùúrù láti fi aṣọ gbígbẹ nu ún lẹ́ẹ̀mejì, kó má lò ó. Tínà àwọn alọ́dà ńkọ́? Mo kán an sára ìdajì ẹsẹ̀ ike kan tó ti kán tẹ́lẹ̀, ojú rẹ̀ hó, ó sì di lílẹ̀. N kò gbé ìgò yẹn wọ yàrá Bàbá mọ́. Bẹntiróòlù kò tiẹ̀ yẹ kí a dárúkọ ẹ̀ nínú ilé.

A pa jẹnẹrétọ̀, a ṣí fèrèsé, a yọ àpótí ìdarí kúrò lára iná. Bàbá ń fà mí lọ́wọ́ pẹ̀lú ọwọ́ tó ti ń gbọ̀n díẹ̀, ṣùgbọ́n ojú wọn mú. Bí a ṣe ṣe é nìyí: mo yọ ẹsẹ̀ méjì pẹ̀lú ọ̀pá wọn kúrò lábẹ́ kóòṣì, wọ́n máa ń já bọ́ tí a bá fi ìka fẹ etí férémù díẹ̀. Igi ìtayín ló kọ́kọ́ ṣí òrùka náà. N kò lo ọ̀bẹ, torí ibi tí ọ̀bẹ bá ha lórí ike, ibẹ̀ ni ìdọ̀tí tuntun máa kọ́kọ́ dúró sí. Lẹ́yìn èyí, igi òwú ìnuetí tí mo fi orí kan kẹrosíìnì, ó ń yí ẹsẹ̀ ká, orí ibi tó ń tẹ irin àti ẹ̀gbẹ́ etí tó ń dì í mú kó má jábọ́. Ibi igun láàárín àwọn méjèèjì ló le jù, ìdọ̀tí ti wọ ibẹ̀ bí ti inú èékánná mẹ́káníìkì. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ló mú un. Lẹ́yìn náà ni síńgílẹ́ẹ̀tì gbígbẹ, lẹ́yìn náà ni òmíràn tó tún gbẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bàbá ni adájọ́: wọ́n á gba ẹsẹ̀ náà, wọ́n á yí i lórí ìwé funfun. Bó bá fi ìlà sílẹ̀, wọ́n á dá a padà fún mi láìsọ̀rọ̀. Ẹsẹ̀ mọ́kànlá ni wọ́n dá padà, mo kà á.

Alẹ́ ọjọ́ méjì la fi parí àwọn 60.

Ti ẹ́ńjìnnì gba ìṣọ́ra ju ti ìyókù lọ, nítorí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ṣe é yí lọ́wọ́, eyín jíà dì í mú. Àwọn kan máa ń tẹ́ aṣọ tútù sórí irin kí ẹ́ńjìnnì máa sáré lórí rẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo kọ̀ ọ́, torí ibi tí iná bá ti ń ṣẹ́, n kò fẹ́ sípírítì tàbí kẹrosíìnì níbẹ̀. Mo dojú rẹ̀ dé lórí táwẹ́ẹ̀lì, mo nu ibi tó hàn lára ẹsẹ̀, mo dúró kó gbẹ, mo fi wáyà méjì kàn án fún ìṣẹ́jú àáyá kan kó yí díẹ̀, mo yọ wáyà, mo nu ibi tó tún hàn. Mo nu ẹ̀yìn ẹsẹ̀ níbi tí ahọ́n bàbà ti ń ra á, mo sì yọ òwú kápẹ́ẹ̀tì tó wé mọ́ ahọ́n kan. Àwọn ẹsẹ̀ méjì tó wọ róbà, omi ọṣẹ díẹ̀ lórí òwú ni mo fi nù wọ́n, torí kẹrosíìnì máa ń mú róbà wú, ó sì máa tú kúrò lẹ́sẹ̀.

Níkẹyìn ni mo tó kan irin. Kẹrosíìnì díẹ̀ lórí aṣọ tí mo fi wé igi pẹlẹbẹ kan, yípo kan, lẹ́yìn náà aṣọ gbígbẹ títí kò fi yọ nǹkan. Ojú sáńpépà ṣì wà níbẹ̀, n kò lè pa á rẹ́.

Alẹ́ kejì yẹn, lẹ́yìn tí gbogbo òórùn ti lọ, a gbé ọkọ̀ náà lé irin, kóòṣì mẹ́rin àti wágọ̀nù méje lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ni pé ìró rẹ̀ ti yàtọ̀. Tẹ́lẹ̀, ó máa ń dún gbùn-ùn gbùn-ùn, kóòṣì kẹta sì máa ń jó lọ́tùn-ún lósì, ó tiẹ̀ ti jábọ́ níbi tí irin ti yà nígbà méjì lójú mi. Gọ́gọ́ ìdọ̀tí ara ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń gbé e sókè. Ní báyìí, ó ń lọ ṣììì, bí ẹni ń fa aṣọ àrán lórí ilẹ̀. Bàbá dín iná kù títí ọkọ̀ fi ń fà bí ìgbín, kò dúró. Ìyẹn ni ìdánwò tó le jù, torí ọkọ̀ tó ń sáré lè fò kọjá ibi tó dọ̀tí, èyí tó ń fà kò lè fò. Wọ́n jẹ́ kó kọjá Dùgbẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́tàdínlógún láìsọ̀rọ̀. Màmá pè wọ́n pé kí wọ́n wá jẹun, wọ́n ní kí wọ́n gbé e wá síbẹ̀.

Ìmọ̀ràn tí mo fún wọn kò pọ̀: kí òróró Sátidé dópin, kí jẹnẹrétọ̀ kúrò lẹ́bàá fèrèsé, kí wọ́n fi aṣọ bo pákó tí wọn ò bá lò ó, kí wọ́n má sì gbé kóòṣì sórí kápẹ́ẹ̀tì mọ́. Jẹnẹrétọ̀ ló fa àríyànjiyàn, torí ibi tí wọ́n máa gbé e sí jẹ́ ẹ̀yìn ilé ìdáná Màmá. Wọ́n parí ẹ̀ láàárín ara wọn.

Lóṣù kẹta, ọmọ wọn fi ẹsẹ̀ onírin ránṣẹ́, ó tó kóòṣì méjì. Èmi ni mo wọ̀ ọ́. Mo fi kálípà wọn àárín ẹ̀yìn ẹsẹ̀ sí ẹ̀yìn ẹsẹ̀ lórí ọ̀pá kọ̀ọ̀kan, mìlímítà 14.5 ni, àyàfi ẹyọ kan tó ti sún, mo tẹ̀ ẹ́ padà. Kóòṣì méjì tó kù àti wágọ̀nù márùn-ún ṣì wà lórí ike. Ẹsẹ̀ onírin náà máa ń dọ̀tí, ṣùgbọ́n kì í dọ̀tí bíi ti ike, ojú rẹ̀ sì máa ń rọrùn láti nù.

Ìgbà tí mo lọ kí wọn kẹ́yìn, òjò ń rọ̀, iná NEPA wà. Bàbá ti fi báírò kọ ọjọ́ tí wọ́n nu kóòṣì kọ̀ọ̀kan sábẹ́ rẹ̀, kékeré, bí wọ́n ṣe máa ń kọ ọ́ sára ọkọ̀ ní ibi iṣẹ́. Wọ́n dojú kóòṣì kẹta dé, wọ́n yí ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí ìwé funfun, ìlà tó fẹ́lẹ́ kan hàn. Wọ́n nawọ́ sí mi láìgbójú sókè.

"Fún mi ní síńgílẹ́ẹ̀tì yẹn."